Irinṣẹ́ tí ó Bá Iṣẹ́ Mu: Àtúnṣe Ìbọn láti Ilé Arọ dé Ìwó Road

 

Àkòrí tí mo mú wá lè ya àwọn kan lẹ́nu. Ẹni tí ó ń kọ́ni ní èdè àti àṣà, ìjálá tàbí oríkì ni a ń retí lẹ́nu rẹ̀. Irinṣẹ́ ni èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: irinṣẹ́ tí a fi ń tún ìbọn ṣe, bí a ti ń yàn án, àti ohun tí ó ń bàjẹ́ nígbà tí a bá ṣì í yàn. Ìjálá kò sì jìnnà sí i, nítorí kò sí ìjálá bí kò bá sí ọdẹ, ọdẹ kò sì ní pẹ́ lóko bí alágbẹ̀dẹ bá ti ilé arọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí. A pàdé ní Ìwó Road, níbi tí àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àti irinṣẹ́ tọ́kúnbọ̀ ń pàtẹ ọjà wọn. Ó ti wo àwòrán àwọn ará Amẹ́ríkà tí ń tú ìbọn ìléwọ́, irú èyí tí agbada ọta rẹ̀ ń yí po, lórí tábìlì nínú ilé wọn, ó sì bi mí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ni kí ènìyàn kọ́kọ́ rà nínú àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyẹn?” Mo dá a lóhùn pé ohun tí ènìyàn yóò kọ́kọ́ rà ni ìwé òfin. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò ṣàwàdà. Lábẹ́ Òfin Ìbọn ti ọdún 1959, èyí tí ó ṣì wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa, ìbọn ìléwọ́ gbogbo wà lára àwọn ohun ìjà tí a kà léèwọ̀ fún ará ìlú. Àṣẹ Ààrẹ nìkan ni ó lè fi í sí ọwọ́ ẹni. Ìbọn ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí a ń fi ẹ̀tù kì láti ẹnu ni òfin náà fi sí ìpele tí ó rẹlẹ̀ jùlọ, síbẹ̀ èyí pẹ̀lú ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Rírọ ìbọn àti títún un ṣe kò yọ sílẹ̀: òfin kò fi àyè gba ẹnikẹ́ni láti ṣe é nínú ilé ara rẹ̀ láìgba àṣẹ. Ohun tí ó jẹ́ eré ọwọ́ ọjọ́ ìsinmi fún ará Amẹ́ríkà lè gbé ará Ìbàdàn dé ẹ̀wọ̀n. Nítorí náà ìbọn ṣakabùlà àti alágbẹ̀dẹ tí ó gba àṣẹ ni mo fi ṣe ọ̀rọ̀ mi, ìbọn ìléwọ́ yóò sì máa yọjú níbi tí ó bá ti là wá lóye.

Kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ ṣakabùlà ni ó kù lọ́wọ́ àwọn ọdẹ wa? Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ èyí tí ó sàn jù. Ìbàdàn fúnra rẹ̀, ibùdó ogun ni ó jẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1829 tí a tẹ̀ ẹ́ dó. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn tí a ń fi ọta sí láti ìdí gbà láti Èkó, Ìbàdàn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rí i pé ọ̀pọ̀ nìkan kò tó. Ariwo àwọn ìbọn náà ni a ní ogun náà ti gba orúkọ rẹ̀. Ní 1890 àwọn ọba àti ìjọba Yúróòpù pàdé ní Brussels, wọ́n sì fi ọwọ́ sí ìwé tí ó ka ìbọn ìgbàlódé léèwọ̀ ní apá tí ó pọ̀ jù nínú Áfíríkà, ṣùgbọ́n tí ó fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn àtijọ́ olókùúta. Òfin 1959 kò ṣe ju kí ó máa tẹ̀ lé ojú ọ̀nà tí àwọn wọ̀nyẹn ti là sílẹ̀. Samuel Colt ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìbọn tí agbada rẹ̀ ń yí po ní Amẹ́ríkà láti 1836. Àwọn ọdẹ wa ṣì ń ki ẹ̀tù láti ẹnu ìbọn títí di òní olónìí. Ohun tí ó sì ti inú èyí jáde ni pé ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ wọn jẹ́ irú èyí tí alágbẹ̀dẹ àdúgbò lè lóye, kí ó sì tún ṣe.

Ẹ wọ ilé arọ. Ohun tí ẹ óò rí kò pọ̀: ewìrì, èédú, owú, ọmọ owú, ẹmú oríṣiríṣi, ayùn, àti ìkòkò omi. Púpọ̀ nínú wọn ni alágbẹ̀dẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ. Bí irin tí ó fẹ́ dì mú bá rí róbótó, yóò rọ ẹmú tí ẹnu rẹ̀ ṣe róbótó. Bí ó bá pẹlẹbẹ, yóò rọ èyí tí ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ. Iṣẹ́ ni ó ń bí irinṣẹ́. Àwa tí a ń lọ sí ọjà ni a máa ń ra irinṣẹ́ ná, kí a tó wá iṣẹ́ fún un.

Mo kọ́ èyí ní ọ̀nà tí kò dùn. Ọdẹ ni baba mi, ó sì ní ṣakabùlà kan tí ó gba ìwé lé lórí. Ní ọjọ́ kan tí kò sí nílé, mo fẹ́ wo bí òòlù kékeré tí ń kọ òkúta rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo mú ọ̀bẹ ìdáná, mo ti ṣóńṣó rẹ̀ bọ ojú sìkúrù tí ó mú un, mo sì yí i. Ọ̀bẹ yọ̀, ó jẹ ojú sìkúrù náà. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, títí tí ihò tí ó rí bí ìlà tẹ́lẹ̀ fi di kòtò. Nígbà tí baba mi dé, kò sọ̀rọ̀. Ó gbé ìbọn náà, ó fà mí lọ́wọ́, a lọ sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ.

Kí alágbẹ̀dẹ náà tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, ó fa ọ̀pá tí a fi ń ki ìbọn yọ, ó tì í bọ inú ìbọn láti ẹnu, ó sì wo ibi tí ó dúró sí. Bí ẹ̀tù àti ọta bá wà nínú rẹ̀, ọ̀pá náà kò ní wọlé tó bí ó ti yẹ. Nínú gbogbo irinṣẹ́ àtúnṣe ìbọn, ọ̀pá yìí ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, n kò sì rí i nínú àwòrán tí ọ̀dọ́mọkùnrin Ìwó Road fi hàn mí. Ìbọn tí mo ń fi ọ̀bẹ yọ lẹ́nu, ó lè jẹ́ pé ó kún.

Lẹ́yìn náà ni ó wo sìkúrù. “Ta ni ó jẹ ojú irin yìí?” Baba mi ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi ni.” Àgbà náà kò bá mi wí. Ó mú irin kékeré kan tí ó le, ó yùn ún, ó fi í wo ojú sìkúrù, ó tún un yùn, ó tún fi í wò ó, títí ó fi wọ inú ìlà náà rẹ́gí, kò mì, kò sì fì. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, sìkúrù jáde. Irin náà kò wúlò fún ohun mìíràn láyé. Sìkúrù kan péré ni ó ṣe é fún.

Ohun tí ó ṣe yẹn gan-an ni àwọn tí ń tún ìbọn ìléwọ́ ṣe ní ilẹ̀ òkèèrè, níbi tí òfin ti gbà wọ́n láàyè, ń náwó lé. Ẹ wo sikurudíráfà tí a ń tà lójú pópó: ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín ní ìsàlẹ̀, ó sì ń nípọn bí ó ti ń lọ sókè, bí èèkàn ìlàgi. Bí a bá tì í bọ ojú sìkúrù, etí òkè ìlà náà nìkan ni ó ń kàn. Bí a bá fi agbára yí i, a máa gun òkè jáde, a sì máa jẹ etí ìlà náà bí ó ti ń jáde. Èyí tí ó tọ́ fún ìbọn, ẹnu rẹ̀ dọ́gba láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi tí ó fi wọlé, ó kún ìlà náà dé ìdí, fífẹ̀ rẹ̀ sì bá ti orí sìkúrù mu. Bí ènìyàn bá ní owó fún ohun kan ṣoṣo, kí ó ná an síbẹ̀.

Àwọn yòókù kò gba ẹnu púpọ̀. Òòlù tí orí rẹ̀ jẹ́ idẹ tàbí ọ̀rá líle, kí ó má baà dá àpá sí ara irin. Báìsì tí a fi awọ bo ẹnu rẹ̀. Ayùn tí eyín rẹ̀ kéré. Ayùn tuntun, idẹ ni kí a kọ́kọ́ fi yùn kí a tó fi kan irin líle, kí a sì fi ẹfun pa á lára kí èérún irin má baà dí eyín rẹ̀. Ìgbà tí a bá ń tì í síwájú ni ó ń jẹ irin. Ẹni tí ó bá ń fà á padà pẹ̀lú agbára, eyín ayùn ni ó ń jẹ. Ní ti iná, kí olùkọ́ṣẹ́ má ṣe gbé sípíríǹgì ìbọn sún mọ́ ọn, nítorí sípíríǹgì tí ó bá ti pọ́n nínú èédú ti sọ líle rẹ̀ nù, ó sì di irin lásán.

Ohun kan wà tí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn ewé irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a kọ nọ́ńbà sí lára, tí mẹkáníìkì Ìwó Road fi ń wọn àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì, àwọn kan náà ni ará Amẹ́ríkà fi ń wọn àlàfo tí ó wà láàárín agbada ọta àti ìdí ọ̀pá ìbọn ìléwọ́ rẹ̀. Irinṣẹ́ kò mọ ẹni tí ó dì í mú. Bí ẹ bá lọ rà á, ẹ má ṣe jẹ́ kí dídán tàn yín. Èmi a máa yan ògbólógbòó tọ́kúnbọ̀ tí ẹnu rẹ̀ ṣì gún ju tuntun tí irin rẹ̀ rọ̀. Ẹ fi ayùn tí ó dára kan igun rẹ̀ níbi tí kò ní hàn: bí ayùn bá jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́ bí ìṣó lásán, ẹ gbé e sílẹ̀ fún olówó mìíràn. Ẹ sì rántí pé ọ̀pọ̀ ohun èlò àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, eyín tí Joseph Whitworth fi lélẹ̀ ní 1841 tàbí irú rẹ̀ ni ó wà lára sìkúrù wọn, kì í ṣe ti mìlímítà. Sìkúrù Ìwó Road lè wọlé ní ìyípo méjì, kí ó sì há. Ẹni tí ó bá fi agbára tì í ti ba ihò náà jẹ́.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 a ṣe ìfilọ́lẹ̀ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn yìí, ọ̀pọ̀ ọdẹ sì ti wọ inú ètò ààbò ìlú. A ń fẹ́ kí wọ́n ṣọ́ oko àti ọ̀nà. Ta ni ó ń tún ìbọn wọn ṣe? Bí ọ̀nà àtigba àṣẹ bá ṣòro fún alágbẹ̀dẹ tí ó mọ iṣẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, òun ni yóò kọ́kọ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù. Ẹni tí kò bẹ̀rù ni yóò kù, ní kọ̀rọ̀, pẹ̀lú sikurudíráfà ojú pópó àti páìpù omi. Páìpù omi kò le tó ohun tí ẹ̀tù ń ṣe nínú rẹ̀. Ojú ọdẹ àti ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń san gbèsè rẹ̀. N kò ní kí a tú òfin sílẹ̀. Ẹ̀rù ìbọn kọ̀rọ̀ ń ba èmi náà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí àwọn aláṣẹ ka alágbẹ̀dẹ tí ó yẹ, kí wọ́n fún un ní ìwé, kí wọ́n sì máa yẹ ilé arọ rẹ̀ wò, kí ọdẹ lè gbé ìbọn lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán gangan bí baba mi ti gbé tirẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ra sikurudíráfà kan àti ewé irin ìwọ̀n, ó ní òun yóò máa fi wọ́n tún ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá òun ṣe. Irin tí alágbẹ̀dẹ yùn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo mú un wá. Ó wà lórí tábìlì níwájú Alága, ẹni tí ó bá fẹ́ wo ẹnu rẹ̀ lè wá wò ó kí a tó túká.