Àká omi lórí òkè Atlas



Ní ọ̀dọ̀ wa, bí òjò bá rọ̀, kíá ni omi rẹ̀ ń ṣàn lọ. Ṣùgbọ́n ní Mòrókò, nílẹ̀ Áfíríkà wa yìí, òjò mìíràn ń dúró lórí òkè fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó di omi odò.

Òkè Atlas ni òkè náà. Toubkal ló ga jù níbẹ̀: gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 4167. Nígbà òtútù, òjò ń dì lókè náà. Ó ń bọ́ wẹ́wẹ́, ó funfun bí òwú. Òjò dídì nìyẹn. Bí oòrùn bá tún mú, ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣàn wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Marrakech. Omi yìí wà lára ohun tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fi ń bomi rin oko àlìkámà àti igi ólífì wọn.

Òjò dídì yìí dà bí àká. Ẹni tó ní àká gbọ́dọ̀ mọ ohun tó kù nínú rẹ̀. Bí òjò dídì bá tètè yọ́ tán, odò á fà kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gun gbogbo òkè náà lọ wò ó?

Sátẹ́láìtì ni. Ẹ̀rọ tó ń yí ayé po lójú ọ̀run ni, ó sì ń ya àwòrán ilẹ̀. Ní 2015, àwọn ará Yúróòpù gbé ọ̀kan lọ, Sentinel-2. Ní 2017, wọ́n fi èkejì kún un. Láti ìgbà náà, ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, wọ́n ń ya àwòrán òkè náà.

Ìkùukùu náà funfun. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí òjò dídì? Ẹ̀rọ náà ń rí ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú wa kò lè rí. Nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn, ìkùukùu ń tàn, òjò dídì sì dúdú.

Ṣùgbọ́n àwòrán ń fi bí òjò dídì ṣe fẹ̀ tó hàn, kò fi bí ó ṣe nípọn tó hàn. Nítorí náà, àwọn ènìyàn ṣì ń wọ̀n ọ́n lórí òkè. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, a lè fojú díwọ̀n omi tó ń bọ̀, kí a sì mọ bí a ó ṣe pín in.

Ìbéèrè: Kí ni sátẹ́láìtì ń rí? Kí ni kò lè sọ fún wa?