Ẹni Tó Lè Dá Iṣẹ́ Dúró

  Láìpẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wọ gáàùn lónìí yóò di àgùnbánirọ̀. Lẹ́yìn náà, wọn yóò di ọ̀gá nílé iṣẹ́ ní Àgbárá, ní Ọ̀tà, ní Olúyọ̀lé, tàbí lókè òkun. Púpọ̀ nínú wọn ni yóò máa pàṣẹ fún ẹni tó ti wà nídìí ẹ̀rọ kí wọ́n tó bí wọn. Ìdí nìyí tí ìdágbére yìí fi dá lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: nínú ilé iṣẹ́, ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí iṣẹ́ dúró?

Ìdáhùn tó yí ayé iṣẹ́ ẹ̀rọ padà bẹ̀rẹ̀ nídìí òfì. Ọdún 1867 ni wọ́n bí Sakichi Toyoda, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà kan lábúlé, ní ilẹ̀ Japan. Ìyá rẹ̀ a máa hunṣọ nílé, ọmọ náà sì rí bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe ń tán an lókun. Ní 1891, ìjọba fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí òfì onígi kan tó ṣe fúnra rẹ̀. Kò dúró níbẹ̀. Ní 1924, òun àti Kiichiro ọmọ rẹ̀ parí ẹ̀rọ ìhunṣọ tí wọ́n pè ní Type G. Bí òwú kan bá já, ẹ̀rọ náà á dá dúró. Ẹni tó bá ti rí ahunṣọ Ìsẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́ mọ ohun tí èyí jẹ́: òwú tó já tí a kò tètè rí máa ń ba gbogbo aṣọ tó bá tẹ̀lé e jẹ́. Kò tún sídìí fún ẹnì kan láti máa ṣọ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo láti àárọ̀ dalẹ́. Òṣìṣẹ́ kan lè bójú tó ẹ̀rọ púpọ̀. Nígbà tó di 1929, ilé iṣẹ́ Platt Brothers ti England, tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ ìhunṣọ fáráyé tipẹ́, wá ra ẹ̀tọ́ láti ṣe é.

Kiichiro dá ilé iṣẹ́ mọ́tò Toyota sílẹ̀ ní 1937. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, owó tán lọ́wọ́ wọn pátápátá. Ní 1950, gbèsè àti ìyanṣẹ́lódì fẹ́ẹ̀ gbé ilé iṣẹ́ náà ṣubú, Kiichiro fúnra rẹ̀ sì kọ̀wé fipò sílẹ̀. Inú àìlówó yìí ni Taiichi Ohno ti ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ayé wá kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohno ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ òwú ìdílé Toyoda kó tó bọ́ sídìí mọ́tò ní 1943. Ó ka àṣedànù sí oríṣi méje: dídúró tẹjú mọ́ ẹ̀rọ, gbígbé ẹrù káàkiri láìnídìí, àbùkù tí a ní láti tún ṣe, àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Èyí tó burú jù lójú rẹ̀ ni ṣíṣe ọjà ju iye tí ẹnikẹ́ni béèrè, torí pé ọjà tó kún sítọ̀ dé òrùlé ló ń bo gbogbo àléébù yòókù mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ó ṣètò pé ẹ̀ka tó nílò nǹkan ni kó lọ mú un lọ́wọ́ ẹ̀ka tó ń ṣe é, níye tó fẹ́, lásìkò tó fẹ́. Káàdì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kanban ló ń jíṣẹ́ láàárín wọn.

Ohno kì í gba ìdáhùn àkọ́kọ́ gbọ́. Àpẹẹrẹ kan wà nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1978. Ẹ̀rọ kan dúró. Kí ló dé? Iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, fíúsì jó. Kí ló fà á? Bẹ́árìn kò rí ọ́ìlì tó. Kí ló fà á? Pọ́ǹpù kò fa ọ́ìlì dáadáa. Kí ló fà á? Ọ̀pá inú pọ́ǹpù ti jẹ. Kí ló jẹ ẹ́? Kò sí asẹ́ lẹ́nu rẹ̀, èérún irin ló ń wọlé. Ọ̀gá tó bá dúró níbi ìbéèrè kìíní yóò ra fíúsì tuntun, fíúsì náà yóò sì tún jó. Ẹ kíyè sí i pé nínú ìbéèrè márààrún, kò síbi tí wọ́n ti wádìí ẹni tí wọn yóò bá wí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn gbangba jù lọ kì í ṣe Japan. Ní Fremont, ní California, ilé iṣẹ́ mọ́tò General Motors kan wà tí orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Lójoojúmọ́, nǹkan bí òṣìṣẹ́ kan nínú márùn-ún ni kì í yọjú. Òfin tí gbogbo wọn mọ̀ ni pé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dúró: bí mọ́tò bá ń kọjá lọ pẹ̀lú àbùkù, kó ṣáà máa kọjá lọ, wọn yóò tún un ṣe níta. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa ní 1982. Ní 1984, General Motors àti Toyota jọ tún un ṣí, wọ́n pè é ní NUMMI. Àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ yẹn kan náà ni wọ́n gbà padà jù, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan náà ló sì ń ṣojú wọn. Wọ́n kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú wọn lọ sí Japan láti lọ kọ́ṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí okùn kan tó gba orí gbogbo òṣìṣẹ́ kọjá. Ẹnikẹ́ni tó bá rí àbùkù lè fà á. Bó bá fà á, olórí ikọ̀ á sáré wá ràn án lọ́wọ́; bí wọn kò bá rí i yanjú, iṣẹ́ á dúró.

Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn tí kì í wá síbi iṣẹ́ ní Fremont ti dín kù sí nǹkan bíi méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Mọ́tò wọn dára bíi ti Japan. Èèyàn kò yí padà o. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú èèyàn ló yí padà.

Àwọn ọ̀gá kan máa ń gbọ́ ìtàn yìí kí wọ́n tó wá lo orúkọ rẹ̀ láti lé òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ìkà nìyẹn, òmùgọ̀ sì ni pẹ̀lú. Ta ni yóò tọ́ka sí àṣedànù bó bá mọ̀ pé iṣẹ́ òun ni wọn yóò fi dí i? Nígbà tí mọ́tò kò tà dáadáa mọ́ ní NUMMI ní 1988, wọn kò lé ẹnikẹ́ni. Ṣe ni wọ́n fi àkókò náà kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ níṣẹ́. John Krafcik, ẹnjiníà tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló fún ìlànà náà lórúkọ lean nínú àròkọ kan tó kọ lọ́dún yẹn kan náà.

Ìlànà yìí kò mọ sídìí mọ́tò. Níbi tí wọ́n ti ń fún aláìní lóúnjẹ ní Harlem, ní New York, èèyàn lè tò fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Àwọn ẹnjiníà Toyota wá wò ó. Wọ́n rí i pé mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn wọlé, nígbà tí àga ti ṣófo nínú. Wọ́n ní kí ẹni kọ̀ọ̀kan máa wọlé bí àga bá ṣe ń ṣófo, kí òṣìṣẹ́ kan sì máa wo àga nìkan. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún ni ìdúró náà dín kù sí. Kò sẹ́ni tó ra ẹ̀rọ kankan.

Ti ilé ìwòsàn Virginia Mason ní Seattle wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn aláṣẹ rẹ̀ lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Japan ní 2002, wọ́n sì fún gbogbo òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ìtọ́jú dúró bí wọ́n bá rí ewu. Síbẹ̀, ní 2004, obìnrin kan kú níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fi oògùn ìfọra gún un lábẹ́rẹ́, torí pé omi oògùn tó jọra wà nínú ife tí kò ní orúkọ lára. Wọn kò bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n kéde rẹ̀ fáráyé, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lo oògùn padà.

Ó yẹ ká kìlọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sítọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́jáde tó bá dé Àgbárá tó ní kí wọ́n má tọ́jú èlò kankan sílẹ̀ kò tíì rí bí ẹrù ṣe ń pẹ́ ní èbúté Àpápá. Toyota pàápàá kọ́ ọgbọ́n lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ 2011: wọ́n ní kí àwọn tó ń ṣe èròjà kọ̀ǹpútà inú mọ́tò máa tọ́jú ti oṣù méjì sí mẹ́fà pamọ́. Nígbà tí èròjà yìí wọ́n káyé ní 2021, ó pẹ́ kó tó kan Toyota.

Lọ́pọ̀ ilé iṣẹ́ wa, bí ọmọ iṣẹ́ bá ní nǹkan kan kò dára, ohun tí yóò gbọ́ ni, “Ṣé bàbá ẹ ló ni ilé iṣẹ́ ni?” Àwọn tí a ń dágbére fún lónìí ló lè fòpin sí i. Ohno a máa fi ṣọ́ọ̀kì fa òbìrípo sílẹ̀, á ní kí ọ̀gá dúró sínú rẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan, kó kàn máa wo iṣẹ́. Kí ọ̀gá tuntun ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Lẹ́yìn náà, kó lọ bá ẹni tó pẹ́ jù nídìí ẹ̀rọ, kó kí i dáadáa, kó bi í pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ ti ń sọ látọjọ́ yìí tí wọn ò gbọ́?” Kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú bàbá, kó sì rí i pé wọ́n ti ṣe ọ̀kan nínú rẹ̀ kí oṣù tó parí.