Asofẹ́yẹjẹ: Agbára Gbòǹgbò àti Ojúṣe Àwa Awo



Asofẹ́yẹjẹ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Igi kékeré ni. Ewé rẹ̀ a máa yọ ní mẹ́ta sí márùn-ún lójú kan náà. Òdòdó rẹ̀ funfun, èso rẹ̀ a sì pọ́n bí ó bá gbó. Ẹyẹ ló ń jẹ èso náà, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn baba wa ń lò fún ẹni tí wèrè ń dà láàmú, tí kò róorun sùn.

Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ní Basel, ní orílẹ̀-èdè Switzerland, yọ èròjà kan tí wọ́n pè ní reserpine jáde láti ara gbòǹgbò ìbátan igi yìí tó ń hù ní Íńdíà. Èròjà náà wà nínú gbòǹgbò tiwa pẹ̀lú. Ó ń dín ohun tí àwọn iṣan fi ń ránṣẹ́ síra wọn nínú ọpọlọ kù. Ìdí nìyí tí ara fi ń rọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń wálẹ̀. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ tó ti ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé jáde lórí bí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wa ṣe ń fi í wo wèrè.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú ara rọ̀ lè mú un rọ̀ jù. Bí ó bá pọ̀ jù, aláìsàn lè dákú. Ìbànújẹ́ ńlá sì lè wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Agbára gbòǹgbò kan kò sì bá ti òmíràn dọ́gba. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa wọn oògùn, kí a máa béèrè oògùn tí aláìsàn ń gbà nílé ìwòsàn, kí a má sì fún aboyún.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ilé iṣẹ́ àti ilé gbígbé ti gba ọ̀pọ̀ igbó ní agbègbè Ọ̀tà yìí. Ẹni tó wú gbòǹgbò tán ti pa igi. Ẹyẹ jẹ èso, ó sì gbin irúgbìn rẹ̀ káàkiri. Àwa tí a ń wú gbòǹgbò, kí ni a gbìn? Kí olúkúlùkù wa gbin asofẹ́yẹjẹ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé, kí a má baà di awo tó mọ orúkọ ewé tí kò rí ewé já.

Ewé á máa jẹ́ fún wa o. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.