Ẹ Má Ṣí Lọ Láìdágbére

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa tí ó ti fẹ̀yìn tì sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Èkó, nígbà tí a pé jọ láti sin àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́jọ tí ó gba ìwé tìráńsífà sọ́nà.)

Nígbà tí akọ̀wé wa wá bá mi nílé pé kí n wá bá àwọn tí ń lọ sọ̀rọ̀, mo bi í léèrè pé ṣé ọ̀rọ̀ dídùn ni ẹgbẹ́ ń fẹ́ ni àbí òtítọ́. Ó ní òtítọ́ ni. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ mi bá korò díẹ̀ lẹ́nu, akọ̀wé ni kí ẹ mú, ẹ má mú mi.

Ẹni mẹ́jọ ni ó gba ìwé. Márùn-ún ń lọ sí Àbújá, méjì ń lọ sí Kánò, ẹnì kan ń lọ sí Yola. Mo mọ bí ó ti ń rí lára. Ìwé pélébé kan, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pé ojú ewé kan, òǹtẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀; bí ẹ bá ti kà á tán, gbogbo ilé ti dàrú. Èmi náà ti gba irú rẹ̀ rí.

Àwọn ọ̀dọ́ inú yín lè máa rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni Àbújá ti jẹ́ olú-ìlú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1914 ni Èkó ti jẹ́ olú-ìlú Nàìjíríà. Ní 1975, ìjọba Ọ̀gágun Murtala Mohammed yan ìgbìmọ̀ kan, tí Adájọ́ Akinola Aguda jẹ́ alága rẹ̀, pé kí wọ́n wò ó bóyá ó yẹ kí olú-ìlú kúrò ní Èkó. Ìgbìmọ̀ náà wí pé ó yẹ. Wọ́n ní Èkó ti há, ilẹ̀ kò sí, ìpínlẹ̀ àti gbogbo orílẹ̀-èdè sì ń du ibùjókòó kan náà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì, 1976, òfin jáde. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn èyí ni wọ́n pa Murtala, ṣùgbọ́n òfin náà kò bá a kú. Ó tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó di pé, ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, 1991, ìjọba Ọ̀gágun Babangida kó ibùjókòó ìjọba lọ sí Àbújá. Ohun tí ẹ ó kà nínú ìwé ìtàn nìyẹn. Ohun tí ìwé ìtàn kì í sábà kọ ni ti àwa òṣìṣẹ́ kéékèèké tí a bá ẹrù ìjọba lọ.

Yàrá fáìlì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ní iléeṣẹ́ ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ. Ìwé tèmi jáde ní oṣù Kìíní, 1992. Ẹ bá rí bí a ti ń di fáìlì! A kọ nọ́ńbà sára páálí kọ̀ọ̀kan. A kọ orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ńlá. Ẹni tí ń fi sílẹ̀ fọwọ́ sí i, ẹni tí ń gbà á náà fọwọ́ sí i. Nígbà tí a dé Àbújá, a kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí ó dín. Bí ó bá ṣe pé mo ṣe ilé ara mi bí mo ti ṣe fáìlì ìjọba ni, n kì bá tí ní ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Mushin ni à ń gbé, nínú ilé kan tí yàrá rẹ̀ jẹ́ méjìlá. Yàrá méjì ni tiwa. Láti 1977 ni mo ti wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbé ìyàwó, ibẹ̀ ni a bí ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí. Ìyàwó mi ń ta àǹkárá ní ọjà Ojúwòyè. Nínú yàrá tí ó kọjú sí tiwa ni ìyá àgbàlagbà kan wà tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́kọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ̀kọ gbígbóná ti dé ẹnu ọ̀nà wa. Bí owó bá wà, a ó san; bí kò bá sí, Ìyá á mú èédú, wọn a fa ìlà kan sára ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn wọn, ó tán. Nígbà tí èèyi mú ọmọ mi kẹta, tí ìyá rẹ̀ sì wà ní ilé ìwòsàn pẹ̀lú oyún, Ìyá Ẹlẹ́kọ ni ó tọ́jú ọmọ náà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọn kò gba kọ́bọ̀.

Mo kọ́kọ́ dá lọ sí Àbújá. Owó ìkẹ́rù tí wọ́n ṣèlérí fún wa kò dé títí ẹ̀ẹ̀rùn fi kọjá. Owó tí mo yá lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo fi gba lọ́rì ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí àwọn ọmọ gba ìsinmi, láti wá kó wọn. Mo sọ fún ìyàwó mi pé kí ó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ̀ bí àwa Yorùbá ti ń ṣe: a ní ayé le, a ní ẹni tí ó bá sọ ìrìn àjò rẹ̀ síta, ó ti fún ọ̀tá lọ́nà. Ojú sì tún ń tì mí, torí mo jẹ àwọn kan lówó. Aago mẹ́rin òru ni a di ẹrù. Kí ìyá náà tó gbé ẹ̀kọ wá, a ti kọjá Ìbàdàn.

Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin ni a gbà. Nígbà tí a dé orí afárá Jẹ́bà, tí a rí Odò Ọya lábẹ́ wa, àbíkẹ́yìn mi bi ìyá rẹ̀ pé, “Màámi, ta ni yóò máa gbé ẹ̀kọ wá fún wa níbi tí à ń lọ?” Ìyá rẹ̀ kò dá a lóhùn. Láti ibẹ̀ dé Mọ́kwà, láti Mọ́kwà dé Bídà, kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ náà.

Ọdún méjì kọjá kí n tó padà sí ilé náà. Ìyá Ẹlẹ́kọ ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú. Ọmọ onílé ni ó sọ fún mi pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a lọ, Ìyá gbé ẹ̀kọ wá, wọ́n kan ilẹ̀kùn, wọ́n pe orúkọ àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rò pé a sùn gbàgbé ni. Wọ́n gbé ẹ̀kọ náà kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì jókòó tì í títí ó fi tutù. Ọmọ náà mú mi wọ yàrá wọn. Ìlà èédú wà lára ògiri síbẹ̀. Mo kà á: mẹ́rìndínlógún. Mo san owó náà fún ọmọbìnrin Ìyá. Ó gbà á, ó fi ra ẹ̀kọ, ó pín in fún àwọn ọmọ ilé náà lójú mi. Kò bá mi wí rárá. Ìbá sàn fún mi bí ó bá bá mi wí.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ọ̀kan sí i. Ọlọ́dẹ kan wà ní ibi iṣẹ́ wa ní Àbújá, ọmọ Gbagyi ni. Àwọn ni obìnrin wọn kì í ru ẹrù sórí, èjìká ni wọ́n ń gbé e lé. Nígbà tí ìjọba ń wí pé òun ti rí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹ̀yà ńlá kankan láàárín orílẹ̀-èdè, ilẹ̀ náà kò ṣófo. Àwọn Gbagyi àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ti ń dáko níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Èrò ìjọba lákọ̀ọ́kọ́ ni láti kó gbogbo wọn kúrò. Nígbà tí ó yá, wọ́n rí i pé owó rẹ̀ kò ṣe é san, wọ́n sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró, ṣùgbọ́n àwọn tí abúlé wọn bọ́ sí ojú ibi tí a fẹ́ kọ́lé sí ní láti lọ. Èdè Haúsá tí mo gbọ́ díẹ̀ ni èmi àti ọlọ́dẹ yìí fi ń sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, mò ń ráhùn sí i lẹ́tí nípa ilé mi ní Èkó. Ó na ọwọ́ sí ibi tí àwọn ọ̀gá ń gbé mọ́tò sí. Ó ní oko iṣu bàbá òun ni. Ó ní kí wọ́n tó kó wọn lọ, bàbá òun kó gbogbo ọmọ jọ, wọ́n rìn yí ààlà oko náà ká, wọ́n dúró níbi ibojì bàbá rẹ̀, wọ́n sọ fún un pé àwọn ń lọ àti ibi tí àwọn ń lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di ẹrù. Mo wò ó, mo sì mọ̀ pé ẹni tí wọ́n fi agbára lé kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ju èmi tí ń gba owó oṣù lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin mẹ́jọ, ẹ gba ìmọ̀ràn yìí lẹ́nu mi.

Èkíní, ẹ má di ẹrù lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ jẹ́ kí ohun tí ó tọ́ sí yín wà nínú ìwé: owó ìkẹ́rù, owó ibùgbé, ọjọ́ tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹ̀ka. Bí ìṣòro bá wà, ẹgbẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ ọ́. Ẹ má dá nìkan bínú.

Èkejì, orúkọ ẹnì kan ni ó wà lórí ìwé náà, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ni ó ń ṣí. Kò sí ẹni tí ó kọ ìwé sí ìyàwó mi pé kí ó fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ó fi jókòó ní Àbújá kí ọjà tó tún dúró fún un. Nínú yín, obìnrin méjì wà tí ọkọ wọn ń ṣiṣẹ́ ní Èkó níhìn-ín. Ẹ jókòó, tọkọtaya, kí ẹ sọ òtítọ́ fún ara yín kí ọjọ́ tó pé. Ẹ gba ìwé àwọn ọmọ ní ilé-ìwé. Ẹ sọ ẹni tí yóò máa wo ìyá àti bàbá.

Ẹ̀kẹta, ẹ san gbèsè yín. Ẹni tí ó bá jẹ àjọ, kí ó san án. Ẹni tí kò bá rí i san, kí ó lọ sọ ọ́ lójúkojú, kí ó dá ọjọ́. Gbèsè tí a bá sọ, ọ̀rẹ́ ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí a bá gbé sá lọ yóò máa bá ni sùn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ ní ẹ̀ka ẹgbẹ́ tí ẹ bá bá níbẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní. Àlejò tí kò ní ẹgbẹ́, ọmọ òrukàn ni.

Ẹ̀karùn-ún, tí ó ṣe pàtàkì jù: ẹ dágbére. Ẹ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí àgbà gbé ọwọ́ lé wọn lórí. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù ayé, ẹ gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé oúnjẹ fún ọmọ yín láràárọ̀, kì í ṣe ayé náà.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀yin náà. Ẹ máa bá àwọn aláṣẹ sọ ọ́ pé kí ìwé tìráńsífà máa jáde kí ọdún ẹ̀kọ́ tó parí, kí òṣìṣẹ́ lè ṣí nígbà ìsinmi àwọn ọmọ, kí owó ìkẹ́rù sì ṣáájú ẹrù. Kì í ṣe ojúrere ni a ń tọrọ, ẹ̀tọ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ṣẹ́ kù, àwọn òbí tí àwọn mẹ́jọ yìí ń fi sílẹ̀, ẹ máa yà wò wọ́n.

Àwọn bàbá wa kì í sọ fún ẹni tí ń lọ pé ó parí. “Ó dàbọ̀” ni wọ́n ń wí, ìyẹn ni pé títí di ìgbà tí ẹ ó fi bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sọ pé òun ń lọ, ta ni yóò kí i pé ó dàbọ̀? Àwa ti gbọ́ pé ẹ̀yin mẹ́jọ ń lọ, a sì ń kí yín lójú ara wa. Ọ̀nà yóò là. Ẹ ó bá ire pàdé. Ẹ ó bọ̀ wá bá wa láàyè.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ó dàbọ̀ o.