Kánfọ̀ Inú Aṣọ Ọmọ Tuntun

 

Kánfọ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lónìí, bọ́ọ̀lù funfun olóòórùn tí àwọn ìyá wa ń jù sínú àpótí aṣọ nítorí aáyán. Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́rin wọlé, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè, aṣọ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń gbóòórùn.

Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ G6PD, òun ni kì í jẹ́ kí àwọn kẹ́míkà kan fọ́ ọ. Nílẹ̀ Yorùbá, nínú ọkùnrin márùn-ún, ó tó ẹyọ kan tí èròjà yìí kò tó lára rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀, ìyá gan-an sì lè má mọ̀ rárá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ AA tàbí AS o, ìyẹn lọ́tọ̀.

Naphthalene ló wà nínú ọ̀pọ̀ kánfọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà. Tí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn rẹ̀ símú, sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ẹ̀jẹ̀ á dínkù, ọ́síjìn kò ní tó ara, ohun tó ń jáde lára sẹ́ẹ̀lì tó fọ́ á sì sọ ojú di yẹ́lò. Tí yẹ́lò yẹn bá wọ ọpọlọ, ọmọ tó bá yè é lè di adití.

Àwọ̀ dúdú máa ń fi í pamọ́. Ẹ fi ìka tẹ imú ọmọ díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kẹ́ ẹ wo àwọ̀ tó yọ. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ bóyá ó ti funfun. Tó bá ń mí kíákíá, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi Coke, tàbí tí kò mu ọmú mọ́, ọsibítù yá.

Ẹ má tìtorí pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ ìka gbé 98 wá, kẹ́ ẹ lọ sùn. Ó ń wò bóyá sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́kù kún fún ọ́síjìn ni, kì í ka iye tó ṣẹ́kù.

Oòrùn àárọ̀ tí ìyá àgbà sọ ńkọ́? Mo bọ̀wọ̀ fún ìyá àgbà, àmọ́ kò tó. Omi glúkóòsì náà kò lè ṣe é. Iná búlúù ọsibítù ló ń yí yẹ́lò náà padà kó lè bá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ jáde. Tó bá ti le jù, wọ́n á máa fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa fi ti ẹlòmíràn rọ́pò.

Ẹ sọ fún dókítà pé kánfọ̀ wà nínú aṣọ. Kánfọ̀ tún lè sọ ẹ̀jẹ̀ di irú èyí tí kò lè gbé ọ́síjìn mọ́. Methylene blue ni wọ́n fi ń wo ìyẹn, oògùn ọ̀hún sì lè tún fọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí G6PD rẹ̀ kò tó.

Aṣọ tí wọ́n yá yín, ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sá a. Tí òórùn náà kò bá lọ, ẹ má wọ̀ ọ́ fún ọmọ.