Ta Ló Ni Hólídé Gígùn?

(Ohùn ibùdókọ̀: agbèrò ń pe èrò, ọmọdé ń rẹ́rìn-ín. Ohùn náà lọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.)

SỌ̀RỌ̀SỌ̀RỌ̀: Sáà kẹta ti parí, ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi. Ní Jóga-Orílẹ̀ níbí, ní Àríwá Yewa, àgbàdo tútù ti kún ọjà. Àsìkò yìí náà ni fóònù máa ń dún láàárín ìyá àti bàbá tí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́. Ọjọ́ wo lẹ máa dá àwọn ọmọ padà?"

"Ìyá Ìbejì, ṣé wọ́n tíì pẹ́ níbí ni? Ìyá mi ò tíì rí wọn tó."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Láyé àwọn bàbá wa, ẹjọ́ yìí kì í gùn. Obìnrin tó bá kọ ọkọ, wọ́n á dá owó orí padà, ọmọ á sì dúró sílé baba. Àmọ́ lọ́dún 1989, nínú ẹjọ́ Okwueze, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà là á mọ́lẹ̀ pé ẹ̀tọ́ tí àṣà fún baba kò gbọdọ̀ pa ọmọ lára. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ jáde lọ́dún 2003, ti Ìpínlẹ̀ Ògùn tẹ̀ lé e lọ́dún 2006. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù àti ti ìbílẹ̀ ń bẹ níbẹ̀ o, iṣẹ́ lọ́yà nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ẹjọ́ tó dùn mọ́ mi jù ni ti Odogu, lọ́dún 1992. Adájọ́ Belgore, ẹni tó padà di adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè yìí lọ́dún 2006, ló sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ka nǹkan: aṣọ tó dára, oúnjẹ, ẹ̀rọ amúlétutù, tẹlifíṣọ̀n. Ó ní ire ọmọ kọ́ nìyẹn o. Inú dídùn ọmọ àti ìdàgbàsókè ọkàn rẹ̀ ló jù. Ẹ ò rí i bí! Adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ló jókòó tó ń ka ẹ̀rọ amúlétutù! Ẹ̀yin bàbá Èkó tó ń sọ pé, "Kí ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe ní Jóga, níbi tí ò ti síná?", ṣé ẹ gbọ́? Ọmọ tó jókòó ti ìyá àgbà nídìí ààrò, tó ń sun àgbàdo, tó ń gbọ́ àlọ́, kò pàdánù ohunkóhun. Ẹ̀yin ìyá náà, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Bíìkì tuntun tẹ́ ẹ rà kọ́ ni ọmọ fi ń gbàgbé bàbá ẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ o. Ìwé kọ́ọ̀tù lè sọ pé kí ọmọ lo hólídé lọ́dọ̀ bàbá. Bí ìwé náà ò bá sọ ẹni tó máa san owó ọkọ̀ ńkọ́? Ta ló máa mú ọmọ wá sí ibùdókọ̀ n'Ìlaró, ta ló máa pàdé ẹ̀ níbẹ̀? Bó bá jẹ́ pé òdìkejì bodè ni ìyá ń gbé, ní Kétu ilẹ̀ Benin, ọjọ́ ìwọlé ilé ẹ̀kọ́ tibí àti tọ̀hún kì í sábà bára mu. Bàbá mìíràn á gba ọmọ tán, iṣẹ́ alẹ́ á gbé e lọ sílé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì n'Ìbèsè, ìyàwó tuntun lọmọ á máa wò lójú.

Àwọn kan ní kí wọ́n pín hólídé náà sí méjì ọgbọọgba. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ẹgbẹ́ ṣe ni, ẹ ti ní kó di ẹrù. Ní tèmi, kí ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti ilé tí ọmọ ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Yunifọ́ọ̀mù wà níbẹ̀ láti rán, ìwé wà láti rà, irun wà láti gẹ̀. Kí wọ́n sì ti dá ọjọ́ ìpadà kó tó wọkọ̀ lọ, lójú àgbà kan tí ìhà méjèèjì ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, kì í ṣe lórí fóònù nígbà tí inú ti ń bí ẹnìkan.

Ìyá kan tiẹ̀ bi wá pé ta ló yẹ kó san owó lẹ́sìn hólídé bí ọmọ bá wà lọ́dọ̀ bàbá... Háà, wọ́n ti ń ṣẹ́wọ́ sí mi látẹ̀yìn gíláàsì. Ìyá wa, ẹ forí jìn wá, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìròyìn ló kàn.

(Orin ètò wọlé.)