Ilé Àgbẹ̀ Gẹ́gẹ́ Bí Ilé-Ìwé
Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn òbí ní Ìwàré

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Ọ̀rọ̀ ilé wa ni, ọ̀rọ̀ oko wa ni, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa sì ni. Ìbéèrè kan ni ó bí i: Ṣé dandan ni kí ọmọ àgbẹ̀ yan ọ̀kan nínú ọkọ́ àti ìwé, kí ó sì kọ èkejì sílẹ̀? Ìdáhùn wa ni pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ilé tí ó ń dáko lè jẹ́ ilé-ìwé tí ó dára, bí baba àti ìyá bá fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá fẹ́, oko kan náà yóò di ibi tí a ti ń fi ọmọ ṣòfò.

Kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa, ilé ni ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọkùnrin a tẹ̀lé baba rẹ̀, ọmọbìnrin a sì jókòó ti ìyá rẹ̀ ní ìdí àdògán. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ń bèèrè, ohun tí a sì dá wọn lóhùn ni wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Àwọn baba wa wí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, wọn kò sì purọ́. Mósè pẹ̀lú, nígbà tí ó ń fi òfin lé Ísírẹ́lì lọ́wọ́, pàṣẹ fún àwọn òbí pé kí wọn máa kọ́ àwọn ọmọ wọn nínú ilé, lójú ọ̀nà, nígbà tí wọn bá dùbúlẹ̀ àti nígbà tí wọn bá dìde. Kò sí ibì kan nínú àṣẹ náà tí ó ti gba òbí láàyè láti fi gbogbo iṣẹ́ yìí lé tíṣà lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe yin ayé àtijọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ní ayé náà gan-an, ọmọ méjì lè wà nínú oko kan, kí iṣẹ́ wọn rí bákan náà, kí wọn má sì jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ onílé, èkejì jẹ́ ìwọ̀fà, ẹni tí àwọn ará ilé rẹ̀ fi dúró nítorí owó tí wọ́n yá, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì jẹ́ èlé lórí owó náà títí wọn yóò fi san án. Àwọn méjèèjì ń kọ ebè, oòrùn kan náà ni ó sì ń pa wọ́n. Kí ni ìyàtọ̀ wọn? Èyí ni pé baba ń kọ́ ọmọ tirẹ̀ ní ohun tí yóò mú kí ó di olóko ní ọ̀la, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́ náà nìkan ni ó ń gbà lọ́wọ́ ìwọ̀fà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mú ọmọ rẹ̀ lọ sí oko láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí kò sì kọ́ ọ ní ohunkóhun, ìwọ̀fà ni ó fi ọmọ bíbí inú rẹ̀ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé kan tí iṣẹ́ àti ìwé ti pàdé láyé àtijọ́, ní ìlú tí kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 1853, Àlùfáà David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ wá sí Ìbàdàn, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Àwọn ọmọ tí àwọn òbí wọn fi lé wọn lọ́wọ́ ń bá wọn gbé inú ilé náà. Wọ́n jùmọ̀ ń jẹun, wọ́n jùmọ̀ ń gbàdúrà, wọ́n ń kàwé, wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Nínú ilé yìí ni Daniel Olúbi wà, ẹni tí ó bá wọn wá láti Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ inú ilé. Nígbà tí wọ́n padà sí ìlú wọn, òun ni ó di olùtọ́jú ìjọ ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ pẹ̀lú ni Samuel Johnson ti kọ́ ẹ̀kọ́ ní ìgbà èwe rẹ̀, ẹni tí ó wá di olùṣọ́-àgùntàn ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn náà, tí ó sì parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá ní ọdún 1897, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bí ìránṣẹ́ inú ilé bá lè di àlùfáà nítorí pé àwọn onílé kò fi iṣẹ́ nìkan mọ sí i lọ́wọ́, kí ni kò lè ti inú ilé tiwa jáde?

Kí ni ó wá ya ọkọ́ àti ìwé nípa láàárín wa? Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ìbùkún ńlá ni, a kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdúpẹ́. Àìmọye ọmọ àgbẹ̀ ni ó mọ ìwé nípasẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan bá a rìn tí kì í ṣe ẹ̀bi òfin náà. Ní ilé-ìwé púpọ̀, ọmọ tí ó bá ṣẹ̀ ni a ń rán lọ gé koríko tàbí lọ ro oko ilé-ìwé. Ní ilé pẹ̀lú, bí ọmọ bá ya ọ̀lẹ sí ìwé rẹ̀, ohun tí a fi ń dẹ́rù bà á ni pé oko ni yóò lọ. Báyìí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọmọ ṣe gbọ́ ọ láti kékeré pé ìyà ni oko, àti pé ẹ̀san ni kúrò níbẹ̀.

Ìjọba rí i pé àwọn tí ó jáde ilé-ìwé ń sá fún oko. Nítorí náà, láti ọdún 1959, ó bẹ̀rẹ̀ sí dá àwọn ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ̀wé, ní àwòṣe ohun tí a rí ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Ìlọrà, aládùúgbò wa. A fún wọn ní ilẹ̀, a kọ́ ilé fún wọn, a sì yá wọn ní owó. Síbẹ̀, ní ibùdó púpọ̀ ní ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà fi oko sílẹ̀ gba ìlú ńlá lọ. Owó tí ètò náà gbà pọ̀, èrè rẹ̀ sì pẹ́ kí ó tó dé. Ìdí wọ̀nyí tóbi. Ṣùgbọ́n àwa rí ìdí kan sí i: ìfẹ́ tí a kò gbìn sí ọmọ ní ọdún mẹ́fà, a kò lè fi ilé tuntun rà á nígbà tí ó bá di ọmọ ogún ọdún. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Kò tí ì pẹ́ tí a tún dán wa wò. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, a ti gbogbo ilé-ìwé, àwọn ọmọ sì wà nílé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ilé kan náà ni gbogbo wọn wà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ yàtọ̀. Àwọn kan bá òbí wọn lọ sí oko, wọ́n sì ń kàwé ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn mìíràn kò ṣí ìwé kan títí ilé-ìwé fi wọlé. Ọdún náà fi hàn pé ẹ̀kọ́ ilé kì í ṣe ọ̀ràn afẹ́ fún àwọn ọlọ́rọ̀ nìkan. Ọjọ́ lè dé tí kò ní sí ẹ̀kọ́ mìíràn fún ọmọ bí kò ṣe èyí tí ó rí nínú ilé.

Bóyá ẹnìkan yóò bèèrè pé, ẹ̀kọ́ wo ni ó wà nínú oko? Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣirò. Ọmọ kọ ebè ní ọ̀wọ́ mẹ́wàá, ogún ebè ní ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan: igba ni. Ó fi ẹ̀bu iṣu kan sínú ebè kọ̀ọ̀kan, márùndínlógójì kò sì hù. Mélòó ni ó kù? Márùndínláàádọ́sàn-án. Bí ó bá dáhùn bẹ́ẹ̀, ẹ bèèrè ìtumọ̀ orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò rí i pé àádọ́sàn-án jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́sàn-án tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀, àti pé a tún yọ márùn-ún kúrò nínú èyí. Ìsọdipúpọ̀ àti ìyọkúrò ti wà nínú ẹnu àwọn baba wa kí tíṣà tó kọ wọ́n sí ojú pátákó.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ó fa ẹ̀wà kan tu, kí ó sì wo gbòǹgbò rẹ̀. Yóò rí àwọn kókó wẹ́wẹ́ lára rẹ̀. Nínú wọn ni àwọn ohun alààyè tí ojú lásán kò lè rí ń gbé, tí wọ́n ń mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún ẹ̀wà. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ tí a gbin ẹ̀wà sí fi ń ṣe àgbàdo lóore. Kí ìyá pẹ̀lú sọ fún un ìdí tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, tí a ń fi í sílẹ̀ kí ó kan, tí a sì ń fún omi rẹ̀ kí a tó yan gàrí: oró wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, iṣẹ́ wọ̀nyí ni ó sì ń lé e jáde. Bí ó bá sì di ọ̀ràn ayé àti àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀, oko fúnra rẹ̀ ni àwòrán ayé. Láti Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ọ̀pẹ òyìnbó ti wá; láti Éṣíà ni ọsàn tí a fi mọ Fìdítì ti wá; ṣùgbọ́n ẹ̀wà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín.

Ìyá kan lè wí pé, “Èmi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, báwo ni n ó ṣe kọ́ ọmọ?” Kí ó má ṣe bẹ̀rù. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú ilé-ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́, wọ́n sì fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà, a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáradára ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Nítorí náà, èdè tí ìyá fi ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nídìí ààrò tó láti gbé ìmọ̀ ró.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ wa bojú, kí ó sì mú ọmọ kúrò ní ilé-ìwé. Òfin tí a ṣe ní ọdún 2004 fi dandan lé gbogbo òbí láti rí i pé ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé, ó sì parí ọdún mẹ́fà ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e. Ìjìyà sì wà fún ẹni tí ó bá kọ̀. Ẹ̀kọ́ ilé kò gba ipò ilé-ìwé. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni, òrùlé rẹ̀ sì ni pẹ̀lú.

Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ yín láti ṣe. Èkíní, kí ilé kọ̀ọ̀kan ya wákàtí kan sọ́tọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ fún ìwé kíkà, kí ó sì kan ọmọbìnrin gẹ́gẹ́ bí ọmọkùnrin. Ẹ má ṣe jẹ́ kí igbá ọjà wà lórí ọmọbìnrin ní wákàtí tí àtùpà wà níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Èkejì, ẹ ra ìwé kan, kí ọmọ máa kọ ìṣirò oko sínú rẹ̀: ọjọ́ tí òjò rọ̀, iye ebè tí a kọ, iye tí a tà, àti iye tí a ná. Ní alẹ́ Sátidé, kí ó kà á sókè sí etí gbogbo ilé. Baba tí kò mọ̀wé pàápàá lè yẹ iṣẹ́ náà wò, nítorí ó mọ iye iṣu tí ó tà. Bí ìwé bá yàtọ̀ sí ohun tí ó mọ̀, yóò bèèrè. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe fi oko dẹ́rù ba ọmọ mọ́. Ẹ fún un ní ebè díẹ̀ tí yóò jẹ́ tirẹ̀, kí èrè rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa yóò di dókítà, àwọn kan yóò di tíṣà, àwọn kan yóò sì jókòó ti ilẹ̀ baba wọn. Èyí tí ó bá lọ, kí ó má ṣe lọ bí ẹni tí ó sá fún ìyà. Èyí tí ó bá dúró, kí ó má ṣe dúró nítorí pé kò mọ̀wé. Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó fi ènìyàn sínú ọgbà láti máa ro ó àti láti máa ṣọ́ ọ, kí ó bùkún oko wa, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbọ́n jù wá lọ. Àmín.